Afẹ́fẹ́ àti ohun ọ̀gbìn

Afẹ́fẹ́ àti ohun ọ̀gbìn jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń ṣàlàyé ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ohun ọ̀gbìn àti sí ilẹ̀ tí a gbìn ín sí, pẹ̀lú àwọn ọ̀nà tí àgbẹ̀ ń gbà dáàbò bo oko rẹ̀ lọ́wọ́ ìjì àti ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó rọra ń fẹ́ ṣe oko láǹfààní, nítorí pé ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó kiri, ó ń gbẹ omi kúrò lára ewé, ó sì ń mú kí igi ọ̀gbìn le. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti le ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè wó iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti àgbàdo wà lára àwọn ohun ọ̀gbìn tí ìjì máa ń wó jù. Ní agbègbè Sahel tó wà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, ilẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ máa ń gbé lọ.

Orúkọ afẹ́fẹ́ ní èdè Yorùbá

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ohun tó ń fẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù nínú wọn: ó dúró fún ohun tí ènìyàn ń mí sínú, ó sì tún dúró fún èyí tó ń fẹ́ láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Atẹ́gùn sábà máa ń tọ́ka sí èyí tó rọra ń fẹ́, tó sì ń tuni lára. Ẹ̀fúùfù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjì ni afẹ́fẹ́ líle tó máa ń ṣáájú òjò tàbí tó máa ń bá òjò rìn. Ààjà ni èyí tó ń yí po lójú kan, tó ń gbé ewé àti eruku sókè. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti ìhà aṣálẹ̀ wá ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn.

Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, Ọya ni òrìṣà tó ni ìjì àti ẹ̀fúùfù, wọ́n sì kà á sí aya Ṣàngó tó ni àrá. Èyí bá ohun tí àgbẹ̀ ń fi ojú ara rẹ̀ rí mu, nítorí pé ìjì tó ń wó oko sábà máa ń bá àrá àti mànàmáná wá.

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá

Afẹ́fẹ́ méjì ló pín ọdún mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Èkíní ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá láti orí Òkun Àtìláńtíìkì. Ó lómi nínú, òun ló sì ń mú òjò wá láti nǹkan bí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹwàá. Èkejì ni ọyẹ́, tó ń ti àríwá ìlà oòrùn wá láti nǹkan bí ìparí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti Sàhárà, pàápàá láti kòtò ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí eruku ti ń gbéra jù lọ ní ayé.

Àkókò tí ìpalára ìjì pọ̀ jù ni ìgbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti ìgbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ní àwọn àkókò wọ̀nyí, ìlà gígùn ìkùukùu òjò máa ń ti ìlà oòrùn rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Afẹ́fẹ́ tútù máa ń já wálẹ̀ láti inú ìkùukùu náà, á sì tàn ká iwájú rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kì í pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń le.

Ohun pàtàkì kan tẹ̀lé èyí. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ìgbà òjò, gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹni tó bá sì fi ojú lásán wò ó lè rò pé ibẹ̀ ni ewu wà. Ṣùgbọ́n ìjì tó ń wó oko àti ọyẹ́ tó ń gbẹ ewé, ìhà ìlà oòrùn àti àríwá ìlà oòrùn ni méjèèjì ti ń wá. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ oko tó kọjú sí ìlà oòrùn ni ó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ dáàbò bò.

Agbára afẹ́fẹ́

Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yára tó nìkan kọ́ ni ó ń sọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti igi máa ń di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń fi agbára ìlọ́po mẹ́sàn-án ti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ju èyí tó ń sáré kìlómítà 20 lọ. Láti inú èyí ni a ti lè mọ ìdí tí ìdínkù díẹ̀ nínú eré afẹ́fẹ́ fi ń gba oko là: bí a bá dín in kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló kù.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fojú díwọ̀n afẹ́fẹ́ pẹ̀lú òṣùwọ̀n Beaufort. Francis Beaufort, ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1805 fún ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ìgbòkun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi àwọn àmì orí ilẹ̀ kún un. Díẹ̀ lára àwọn àmì náà nìyí:

- Kìlómítà 12 sí 19 ní wákàtí kan: ewé àti ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ń mì láìdúró.
- Kìlómítà 20 sí 28: eruku ń gbéra nílẹ̀, ẹ̀ka kéékèèké ń mì.
- Kìlómítà 29 sí 38: igi kékeré tó ní ewé ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.
- Kìlómítà 50 sí 61: odidi igi ń mì, ó sì nira fún ènìyàn láti rìn kọjú sí i.
- Kìlómítà 62 sí 74: ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣẹ́ kúrò lára igi.
- Kìlómítà 89 sí 102: igi ń fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò.

Àǹfààní afẹ́fẹ́ fún ohun ọ̀gbìn

Àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà àti àlìkámà kò nílò oyin tàbí labalábá kí wọ́n tó lè so dáadáa. Lórí àgbàdo, òdòdó akọ ló wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀, irun tó yọ lẹ́nu ṣùkù sì ni abo. Afẹ́fẹ́ ló ń gbọn lẹ́búlẹ́bú láti orí dà sórí irun yìí, okùn irun kọ̀ọ̀kan ló sì ń di hóró kan. Ìdí nìyí tí ṣùkù àgbàdo tó dá hù lójú kan fi máa ń ní àlàfo láàárín hóró rẹ̀, àti ìdí tí a fi gba àgbẹ̀ níyànjú láti gbin àgbàdo ní ìpele púpọ̀ tó súnmọ́ ara wọn dípò ìlà kan ṣoṣo tó gùn.

Afẹ́fẹ́ tún máa ń lé ọ̀rinrin kúrò lára ewé, èyí tó ń dín àrùn olú kù. Ó máa ń gbé CO2, tí ewé fi ń ṣe oúnjẹ, kọjá lára ewé lọ́pọ̀lọpọ̀. Igi kékeré tí afẹ́fẹ́ ń mì díẹ̀díẹ̀ máa ń kúrú, ó sì máa ń nípọn ju èyí tó dàgbà sínú àtíbàbà lọ. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń gbé àwọn ọ̀gbìn kéékèèké síta fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lọ̀ wọ́n sí oko. Lẹ́yìn ìkórè, afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń fẹ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà: hóró tó wúwo á bọ́ sílẹ̀, ìyàngbò á sì bá afẹ́fẹ́ lọ.

Àǹfààní yìí kò mọ sọ́dọ̀ ohun tí àgbẹ̀ gbìn nìkan. Èso èkan, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn koríko tó ń yọ àgbẹ̀ lẹ́nu jù, ní òwú funfun tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ sí oko tó jìnnà.

Ìpalára tí afẹ́fẹ́ ń ṣe

Wíwó lulẹ̀

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi gidi. Ohun tó dà bí ìtí rẹ̀ jẹ́ ìdí ewé tó wé mọ́ ara wọn, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò rìn jìn nínú ilẹ̀, ewé rẹ̀ sì fẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀. Nígbà tó bá so, ìwúwo ìdì rẹ̀ máa ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, àkókò tí èso rẹ̀ súnmọ́ ìkórè jù ni àkókò tí ìjì lè wó o jù. Ìjì tó bá lé ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan lè wó gbogbo oko, ṣùgbọ́n èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ máa ń wó èyí tí kòkòrò ti gbẹ́ ihò sí ìdí rẹ̀ tàbí tí aràn tíntìntín inú ilẹ̀ ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Ìjì ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n kòkòrò ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ní ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ya, yíya díẹ̀ kò pa èso rẹ̀ lára púpọ̀, nítorí pé ewé tó ya máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá láìti igi.

Àgbàdo máa ń wó lọ́nà méjì: gbòǹgbò rẹ̀ lè tú, tàbí kí igi rẹ̀ ṣẹ́. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ tú díẹ̀ kó tó yọ òdòdó lè tún ara rẹ̀ gbé sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ á tẹ̀. Kò yẹ kí àgbẹ̀ yára fà á tu. Èyí tí igi rẹ̀ ṣẹ́ kì í dìde mọ́. Ṣùkù tó bá kan ilẹ̀ á di ti eku àti ikán, tàbí kí ó jẹrà, tàbí kí hóró rẹ̀ hù lára ṣùkù. Ohun tó ń mú kí àgbàdo tètè wó ni gbígbìn tó há jù, ajílẹ̀ oní-náítírójìn tó pọ̀ jù, àìtó pòtásíọ̀mù nínú ilẹ̀, àti kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo.

Ìwólulẹ̀ yìí wà lára àwọn ìdí tí àwọn onímọ̀ fi wá irú ọkà tó kúrú. Ní Mexico, Norman Borlaug àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú àlìkámà kúkúrú jáde, tí kì í wó bí wọ́n bá fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀. Ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní 1970. Ní Philippines, ilé ìwádìí ìrẹsì IRRI gbé ìrẹsì kúkúrú IR8 jáde ní 1966 nítorí ìdí kan náà.

Gbígbẹ àti ìbọ́sílẹ̀ òdòdó

Omi máa ń jáde láti inú àwọn ihò tíntìntín ara ewé. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń gbé omi yìí lọ kíákíá. Bí gbòǹgbò kò bá lè fa omi tó, ewé á pa ihò rẹ̀ dé. Ìgbà náà ni oúnjẹ tó ń ṣe á dínkù, àti pé bí ó bá pẹ́, etí ewé á jó. Nínú oko kòkó, ọyẹ́ máa ń gbẹ ewé tuntun àti àwọn èso kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Kòkó tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ni ó máa ń jìyà jù, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì lọ jìnnà. Ọyẹ́ tún máa ń mú kí iná ìgbẹ́ ràn kíákíá. Ní ti máńgòrò àti àwọn igi eléso mìíràn, ẹ̀fúùfù máa ń gbọn òdòdó àti èso wọn dànù. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ máa ń gbé iyọ̀ sórí ewé. Àgbọn lè fara dà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ kò lè fara dà á.

Gígbá ilẹ̀ lọ

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí kò sì sí ohun tó bò ó, afẹ́fẹ́ á máa gbá a lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà ṣe é. Iyanrìn tí kò tóbi tí kò sì kéré jù máa ń fò díẹ̀díẹ̀, á máa balẹ̀, á sì máa ta àwọn mìíràn sókè. Ọ̀nà yìí ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Èyí tó tóbi máa ń yí nílẹ̀. Èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun máa ń gòkè lọ sójú ọ̀run, ó sì lè rìn dé ilẹ̀ òkèèrè. Eruku kíkúnná yìí ló ní oúnjẹ ilẹ̀ nínú jù, nítorí náà ohun tó dára jù nínú ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń lọ. Iyanrìn tó ń fò náà máa ń gé ewé àti ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ.

Àrùn, kòkòrò àti oògùn oko

Afẹ́fẹ́ ń gbé àrùn olú láti oko kan dé òmíràn. Àrùn ìpẹtà àgbàdo tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Puccinia polysora kọ́kọ́ farahàn ní Áfíríkà ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone ní 1949, ó sì tàn ká Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láàárín ìgbà díẹ̀, ó sì ba àgbàdo jẹ́ gidigidi ní Nàìjíríà. Eéṣú náà ń bá afẹ́fẹ́ rìn: ní oṣù Kẹwàá ọdún 1988, ọ̀wọ́ eéṣú gbéra láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì sọdá Òkun Àtìláńtíìkì dé àwọn erékùṣù Caribbean. Eṣinṣin funfun tó ń gbé àrùn ewé ẹ̀gẹ́ kiri kò lè fò lọ jìnnà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń bá a gbé e.

Oògùn apako tí a bá fín nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lè kọjá ààlà, kí ó sì pa ohun tí aládùúgbò gbìn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ni ó sàn láti fín in.

Àwọn ọ̀nà ìdáàbòbò

Igi ìdènà afẹ́fẹ́

Igi ìdènà afẹ́fẹ́ ni ìlà igi tàbí igbó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ oko láti dín eré afẹ́fẹ́ kù. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi kan kì í dá ìjì dúró. Àwọn òfin pàtàkì rẹ̀ nìyí:

- Gíga. Ìlà igi máa ń dáàbò bo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dé nǹkan bí ìlọ́po 10 sí 20 gíga rẹ̀. Bí igi bá ga ní mítà 10, nǹkan bí mítà 100 sí 200 ló ń gbé ojú rẹ̀ sí. Ààbò tó lágbára jù máa ń wà ní apá tó súnmọ́ igi nínú àyè yìí. Níwájú igi pẹ̀lú, ààbò díẹ̀ máa ń wà.
- Àlàfo. Ìlà tó dára jù ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń rí ọ̀nà kọjá nínú rẹ̀ díẹ̀. Bí nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú 100 ojú rẹ̀ bá ṣí, afẹ́fẹ́ á kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ògiri tó dí pátápátá máa ń gbé afẹ́fẹ́ sókè, á sì jẹ́ kí ó já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ààjà, níbi tí ọ̀gbìn wà gan-an.
- Gígùn. Afẹ́fẹ́ máa ń yí gba orí ìlà méjèèjì. Nítorí náà ó yẹ kí ìlà gùn tó ìlọ́po 10 gíga rẹ̀, ó kéré tán.
- Àìdá. Àyè kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ láàárín ìlà máa ń di ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá pẹ̀lú eré tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ọ̀nà bá gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó sàn kí a là á ní ìkọ̀rọ̀.
- Ìpele. Igi gíga nìkan máa ń ṣí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Igi kékeré àti koríko gíga ni a fi ń dí ìsàlẹ̀ náà.

Yíyan igi

Igi tó yẹ fún iṣẹ́ yìí ni èyí tó tètè dàgbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ kì í tètè ṣẹ́, tí kì í sì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọ̀gbìn jù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, akòko, ìyeyè, lápálápá àti pẹ̀rẹ̀gún ti wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣọgbà láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé bí a bá ṣẹ́ wọn tì bọ ilẹ̀, wọ́n á hù. Àgunmániyè náà rọrùn láti fi ọ̀pá gbìn, ewé rẹ̀ sì ń sanra ilẹ̀. Kaṣú àti máńgòrò lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn oko, kí wọ́n máa dènà afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì máa so fún olóko. Ní àríwá Nàìjíríà, dongoyárò ni ó wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó ń fẹ́ ààbò láàárín oṣù díẹ̀ lè gbin òtílì, ọkà bàbà tàbí èèsún ní ìlà, nígbà tí igi gidi ṣì ń dàgbà.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

- Fífi igi gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀: wọ́n máa ń fi ọparun tàbí igi oníga méjì ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so, ní ìhà tí ìdì rẹ̀ tẹ̀ sí. Bí igi bá wọ́n, okùn tí a so mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn lè ṣe iṣẹ́ náà.
- Kíkó erùpẹ̀ wé ìdí àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nígbà ìroko, kí gbòǹgbò tuntun lè yọ.
- Fífi koríko tàbí èérún ìkórè bo ilẹ̀, kí omi má baà gbẹ kúrò, kí afẹ́fẹ́ má sì rí erùpẹ̀ gbá.
- Gbígbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín kòkó kékeré, kí ó ṣíji bò ó, kí ó sì dènà ọyẹ́ títí kòkó yóò fi lágbára.
- Fífi imọ̀ ọ̀pẹ yí ibi ìtọ́jú àwọn ọ̀gbìn kéékèèké ká.
- Yíyí àkókò gbígbìn padà, kí àgbàdo má baà ga jù ní ọ̀sẹ̀ tí ìjì ń pọ̀.

Lẹ́yìn ìjì

Yorùbá máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nínú oko, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Bí ìjì bá wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á kórè ìdì tó ti gbó, wọ́n á gé èyí tó ṣẹ́, wọ́n á sì fi ọmọ kan tó lágbára sílẹ̀ láti rọ́pò ìyá rẹ̀. Ewé àti ìtí rẹ̀ tí a gé sí wẹ́wẹ́ á bo ilẹ̀. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bá fà tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ó yẹ kí àgbẹ̀ la ìdí wọn wò: bí ihò kòkòrò bá wà níbẹ̀, gbígbé ọmọ láti inú oko náà lọ gbìn síbòmíràn á gbé kòkòrò náà lọ pẹ̀lú.

Àwọn àpẹẹrẹ láti ibi gbogbo

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ńlá ti Amẹ́ríkà

Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀dá gígùn dé bá Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ńlá ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ ti fi katakata tú koríko tó bo ilẹ̀ láti gbin àlìkámà. Afẹ́fẹ́ gbé erùpẹ̀ tó ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1935, ìjì eruku sọ ọ̀sán di òru, wọ́n sì ń pe ọjọ́ náà ní Ọjọ́ Àìkú Dúdú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ṣe òfin ìdáàbòbò ilẹ̀. Hugh Hammond Bennett, onímọ̀ nípa ilẹ̀, ni ó kó ipa tó ga jù nínú rẹ̀. Ìjọba Ààrẹ Franklin Roosevelt tún bẹ̀rẹ̀ ètò gbígbin igi ìdènà afẹ́fẹ́ láti North Dakota títí dé Texas. Kí ètò náà tó parí ní 1942, igi tó lé ní mílíọ̀nù 200 ni wọ́n ti gbìn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gé púpọ̀ nínú àwọn igi náà kí ẹ̀rọ ńlá tó ń bomi rin oko lè rí àyè yí po.

Àfonífojì Majjia ní Niger

Ní àárín àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó bá Sahel jà, àwọn ará abúlé ní àfonífojì Majjia, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ CARE àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin dongoyárò ní ìlà méjì-méjì la oko jẹ́ró wọn já. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ìlà náà ti lé ní kìlómítà 300. Ìkórè tó wà láàárín àwọn ìlà pọ̀ sí i, àwọn ará abúlé sì rí igi dáná àti igi kọ́lé. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti fi olùṣọ́ dènà ẹran ọ̀sìn títí igi fi ga, ìbéèrè nípa ẹni tó ni igi àti ẹni tó lè gé e sì dìde lẹ́yìn náà.

Lanzarote

Ní erékùṣù Lanzarote, tó jẹ́ ti Spain ní Òkun Àtìláńtíìkì, òkè oníná bo ilẹ̀ oko pẹ̀lú eérú láàárín 1730 àti 1736. Ní agbègbè La Geria, àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ kòtò sínú eérú náà, wọ́n gbin àjàrà kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ kòtò, wọ́n sì mọ ògiri òkúta kúkúrú bí òṣùpá ìlàjì sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Eérú náà ń pa omi mọ́, ògiri sì ń dènà afẹ́fẹ́.

Ògiri Ńlá Aláwọ̀ Ewé

Ní 2007, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ètò Ògiri Ńlá Aláwọ̀ Ewé, tó yẹ kí ó na nǹkan bí kìlómítà 8,000 láti Senegal dé Djibouti. Èrò àkọ́kọ́ ni láti gbin ìlà igi kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, ó di àkópọ̀ ètò fún ìtúnṣe ilẹ̀, omi àti igi ní àwọn abúlé. Ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ 11 ní àríwá ni ètò náà kàn, láti Kebbi ní ìwọ̀ oòrùn dé Borno àti Adamawa ní ìlà oòrùn. Orílẹ̀-èdè China náà ti ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ní àríwá rẹ̀ láti 1978.

Àwọn ìṣòro

Igi ìdènà afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó máa ń gba ilẹ̀, òjìji àti gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń dín ìkórè kù lára àwọn poro tó súnmọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí oko jèrè níwájú sábà máa ń ju ohun tó pàdánù lọ. Yàrà tí a gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà igi lè gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò nínú oko. Ìlà tó bá dí jù lè mú kí ooru àti ọ̀rinrin há, kí àrùn olú sì pọ̀. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ọkà náà lè fi igi ṣe ibùgbé.

Ìṣòro tó le jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ti àkókò àti ti ilẹ̀. Igi máa ń gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó lè dènà ìjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í lo ilẹ̀ kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ àṣà, àlejò tí wọ́n fún nílẹ̀ láti dáko tó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbin igi alálọ́jọ́ láìgba àṣẹ, nítorí pé igi jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó gbìn ín ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún pàápàá, tó yẹ fún ọgbà, ni wọ́n fi ń pa ààlà. Àlejò tó bá gbìn ín lè di ẹni tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Nípa báyìí, àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ tirẹ̀, tí ìjì kan ṣoṣo sì lè sọ di onígbèsè, ni ó ṣòro fún jù láti gbin ohun tó lè gbà á.

Fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀. Èkíní ni àwọn ohun tí kò fa ẹjọ́: òtílì, èèsún, ọkà bàbà, igi ìgbé-ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bíbo ilẹ̀. Èkejì ni àdéhùn pẹ̀lú onílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí, pé ti onílẹ̀ ni igi tí wọ́n bá gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn, àti pé ààbò rẹ̀ nìkan ni ti àlejò. Níbi tí ọ̀pọ̀ oko kéékèèké bá ti lẹ̀ mọ́ra, ìlà igi kan tí gbogbo wọn jọ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn lè dáàbò bo oko púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdánù sì máa ń kéré gan-an.